Ọ̀sẹ̀ méjì ò tó láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa HIV

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, kò ní rẹ̀ yín láéláé. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà, kíkà ni tèmi, ọkọ mi ló máa ń rà á bọ̀, èmi á sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó kà á tán, ṣùgbọ́n fọ́tò kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ò jẹ́ kí n gbádùn oorun látìgbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ni, gbogbo wọn wọ tíṣáàtì funfun kan náà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé wọ́n ń múra láti lọ ṣe fọ́lọ́ńtíà ní Zambia fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ibẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ kòkòrò HIV, ẹ wá ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá tọ́wọ́ ẹ̀ bá tẹ́nu dá sí owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọmọ àbúrò mi ni. Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ìyá ẹ̀ ò tíì lè dìde.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọmọ tó bá ní ìfẹ́ ọmọ ẹlòmíì lọ́kàn, àdúrà ló yẹ kéèyàn ṣe fún un, mo sì ṣe é. Ṣùgbọ́n mo pè é lórí fóònù, mo ní kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún wọn, ó ní "Mọ́mì Òṣogbo, ABC ni, kí wọ́n yàgò fún ìbálòpọ̀, kí wọ́n ṣòótọ́ sẹ́nì kan, tí ò bá ṣeé ṣe kí wọ́n lo kọ́ńdọ̀mù." Mo ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ó dákẹ́. Mo ní tí ọmọbìnrin kan bá wá bá ẹ nídìí ẹ̀rọ omi pé ẹnì kan nílé àwọn tó ti ń lo oògùn ti jáwọ́ ńbẹ̀, kí lo máa sọ fún un? Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ìlú yẹn á dá a lóhùn. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, a dágbére, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ìbéèrè tí mo bi í yẹn, kì í ṣe pé mo fọwọ́ ara mi rò ó. Wọ́n ti bi èmi náà rí.

1986 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kéde pé éèdì ti wọ ilẹ̀ yìí. Bàólójì ni mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Láti 2008 sí 2010 mo wà ní Gámbíà, TAC ló gbé mi lọ, ìyẹn Technical Aid Corps tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987 nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fi ń rán tíṣà, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà wa lọ sáwọn orílẹ̀-èdè tó bá béèrè fún wọn ní Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n máa ń fi ránni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ọdún méjì ni, mo sunkún, àbíkẹ́yìn mi ṣì wà ní JSS 2. Ìgbà tí mo débẹ̀ tán ni mo wá rí i pé ká ní wọ́n fún mi ní oṣù méjì péré ni, òfìfo ni mi ò bá bọ̀.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Brikama ni mo wà. Ilẹ̀ Gámbíà ò fẹ̀, ṣe ló tẹ́ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò bí ahọ́n, Senegal ló yí i ká àfi ibi tó ti kan òkun. Tẹ́ ẹ bá dé Banjul tó jẹ́ olú-ìlú wọn, ẹ máa bá àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Àkú, ọmọ ọmọ àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú láyé ọjọ́un, tí wọ́n kó sọ̀kalẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone, káwọn kan nínú wọn tó ṣí lọ sí Gámbíà, "ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó" tí wọ́n fi ń kíra wọn tí wọn ò dákẹ́ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Àkàrà wà níbẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, mo wá rò pé ilé ni mo kúkú wà, pé bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ Òṣogbo sọ̀rọ̀ náà ni màá ṣe bá tibẹ̀ sọ̀rọ̀ táá sì wọlé. Èrò yẹn ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà.

Bàólójì ni wọ́n gbà mí fún, ti HIV yìí, èmi ni mo fínnúfíndọ̀ gbà á mọ́ ọn, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún. Mo ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì sára pátákó, mo ṣàlàyé bí kòkòrò yẹn ṣe máa ń wọ inú àwọn ọmọ ogun ara, mo ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, inú àtọ̀, inú omi ojú ara obìnrin, inú wàrà ọmú, pé kò sí nínú itọ́ tàbí nínú òógùn débi táá ràn, pé ẹ̀fọn ò lè gbé e, àwo ìjẹun ò lè gbé e. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú nóòtù. Mo ní ṣé ó yé yín, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ní ṣé ìbéèrè wà, kò sí. Ọ̀sẹ̀ kìíní bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi, màá ti ya fọ́tò, màá ti wọkọ̀ òfúrufú, màá máa sọ fún yín lónìí pé iṣẹ́ lọ dáadáa, ó yé wọn.

Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú yẹn ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní níbí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní sutura. Ó ṣàlàyé ẹ̀ títí, mo ní áà, ìbòàṣírí nìyẹn. Ó ní ọmọ tó bá nawọ́ sókè láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti béèrè nípa HIV, gbogbo kíláàsì á máa wò ó pé kí ló dé, ta ló ní in nílé wọn? Ẹni tó bá bo àṣírí ilé ẹ̀ lọmọ gidi. Olóòtú, ṣebí àṣà tiwa náà nìyẹn, mo kàn ń wò ó bí ẹni pé ti àwọn ni, torí pé èmi lálejò.

Bí mo ṣe wá páálí bisikíìtì nìyẹn, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi abẹ gé ẹnu tín-ín-rín sórí ẹ̀, mo ní ẹ lọ kọ ìbéèrè yín síwèé nílé, ẹ má kọ orúkọ, kí gbogbo yín sì jù ú sínú ẹ̀, ẹni tí ò bá ní ìbéèrè kó ju ìwé òfìfo, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó bi ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òfìfo pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síta díẹ̀díẹ̀: ṣé abẹ onígbàjámọ̀ lè kó o ràn, ṣé òótọ́ ni pé kọ́ńdọ̀mù ní ihò, tí bọ̀dá tó ń sanwó ilé-ìwé mi ò bá fẹ́ lò ó ńkọ́. Ọ̀kan wà tí mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀ rárá, ó ní wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní ọsibítù pé HIV Kejì ló ní, pé ṣé ìyẹn ò burú tó ti àkọ́kọ́? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ bàólójì nígbà yẹn, mo mọ̀ pé HIV-2 wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò ronú ẹ̀ rí. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sábà máa ń wà, Guinea-Bissau, Senegal, Gámbíà níbẹ̀, ó máa ń falẹ̀ ju HIV-1, kì í sì í tètè ràn tó o, ṣùgbọ́n ó lè di éèdì náà, àwọn oògùn kan tí wọ́n sì fi ń tọ́jú HIV-1 nígbà yẹn, bíi nevirapine àti efavirenz, kò ràn án. Nọ́ọ̀sì ni mo lọ bá kí n tó mọ gbogbo èyí. Èmi tí mo wá kọ́ni, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo ṣí páálí yẹn lọ́jọ́ kan tí mo bá ìwé pélébé kan ńbẹ̀, báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá bíi tọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n: "Mà, ẹ ní kò sí ohun tó ń wò ó tán. Ààrẹ ń wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Ta ni ká gbà gbọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ò bá rántí. Ní January 2007, Yahya Jammeh tó jẹ́ ààrẹ Gámbíà jáde ní gbangba, ó ní òun ti rí ewé tó ń wo éèdì, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tó yà sọ́tọ̀ fún un. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń gbé e, ẹ máa rí i nínú agbádá funfun, tó mú Kùránì àti tẹ̀sùbáà dání, tó ń fi ewé gígún ra àwọn aláìsàn lára tó sì ń fún wọn ní àgbo mu. Ó pàṣẹ fún wọn kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó tí wọ́n ń lò. Ní February, aṣojú àjọ UN níbẹ̀, Fadzai Gwaradzimba, ọmọ Zimbabwe, béèrè pé ẹ̀rí dà, wọ́n ní kó kúrò nílùú láàárín wákàtí 48. Èmi dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ètò yẹn ṣì ń lọ, gbogbo àlejò ló sì mọ ìtàn obìnrin yẹn.

Mo dúró níwájú kíláàsì, ìwé yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó ní ilé kejì, ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn ṣáá, gbì, gbì, gbì. Ọmọ bí ogójì ń wò mí. Mo mọ ìdáhùn. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láyé mi ló mọ ìdáhùn yẹn. Mo ní "ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún dókítà nígbà tó bá wá," mo ká a, mo fi sápò, mo mú ìwé mìíràn. Kò sí dókítà kankan tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo jáde, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé mi dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ pọnmi, kò sì gbé nǹkan kan dání. Ó ní àǹtí òun tó tọ́ òun ti ń lo oògùn láti klíníìkì, ara ẹ̀ sì ti ń yá, ìgbà tó rí ti tẹlifíṣọ̀n ló kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ́ńbọ́ọ̀dù, àǹtí náà ní òun ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa mú òun lọ sọ́dọ̀ ààrẹ ní Banjul. Ó ní "Mà, ṣé kó máa lò ó ni àbí kó má lò ó?" Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó là. Mo ní kó máa lò ó, lónìí olónìí kó padà sí klíníìkì. Mo sọ ọ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń jalè. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé àwọn bí ogójì yẹn ló nílò láti gbọ́ ọ, ẹyọ kan ló gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọkùnrin ni, ọmọ ẹ̀yà Mandinka, ọmọ ìlú yẹn gan-an, òun ni mo lọ rojọ́ fún. Kò bá mi wí. Ó ní "wá bá mi nírọ̀lẹ́ Sátidé ní vous." Vous ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n á máa se ataya. Tíì ni ataya o, ewé tíì aláwọ̀ ewé kan báyìí láti Ṣáínà, wọ́n á sè é nínú kẹ́tù kékeré lórí èédú, wọ́n á máa dà á láti òkè sínú ife kékeré, wọ́n á tún dà á padà, títí táá fi hó fọ́ọ́mù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń mu ún. Ife àkọ́kọ́ korò bí orógbó, ìkejì rọ̀, ìkẹta dùn. Kò sẹ́ni tó lè kánjú mu ataya, tẹ́ ẹ bá jókòó láago márùn-ún ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀.

Ní ife àkọ́kọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì náà ń bá wọn sọ bọ́ọ̀lù, inú mi ń gbóná pé nígbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ife kejì ó fi igi wa eérú bo èédú yẹn mọ́lẹ̀, ó ní ní Mandinka (ọmọ kan ń túmọ̀ fún mi) ṣé iná yìí ti kú? Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé ẹnì kan lè gbé ọwọ́ lé e? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn tí à ń fún wọn ní klíníìkì, eérú yìí ni, kì í pa iná, ó máa ń bò ó mọ́lẹ̀ kó má jó ilé ni, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ó wá gbá eérú yẹn kúrò, ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì péré, pupa iná yọ. Ó ní ẹni tó bá gbá eérú ẹ̀ dànù torí pé kò rí iná mọ́, ohun tó máa rí nìyí. Kò dárúkọ ààrẹ. Kò dárúkọ ewé. Kò sí ẹni tí ò mọ ohun tó ń sọ, gbogbo wọn tẹjú mọ́ èédú yẹn. Nígbà tó máa di ife kẹta ìbéèrè ti ń ya bí omi, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní kíláàsì mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ọ̀nà mi padà. Mo yan ọmọ mẹ́fà nínú kíláàsì, obìnrin mẹ́ta ọkùnrin mẹ́ta, èmi àti nọ́ọ̀sì la jọ ń kọ́ wọn, àwọn ni wọ́n ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lédè wọn, níbi tí wọ́n bá wà, èmi ò bá wọn lọ mọ́. Ọdún tó kù nìyẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó bá mi nídìí ẹ̀rọ omi wà lára àwọn mẹ́fà náà. Ó sọ fún mi pé àǹtí òun ti padà sí klíníìkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí lẹ́yìn tí mo bọ̀ wálé, mi ò mọ̀. Àwọn mìíràn tó jáwọ́ nínú oògùn nígbà yẹn kú, Jammeh fìdí rẹmi nínú ìbò December 2016, ó sá kúrò nílùú ní January 2017, ní 2018 sì ni mẹ́ta lára àwọn tó là á já pè é lẹ́jọ́ ní Banjul. Ọmọ Gámbíà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ló jáde síta fi ojú ara wọn hàn.

Ohun tí mò ń bá bọ̀ nìyẹn, Olóòtú. Ọ̀rọ̀ éèdì yìí, onílé ló máa ń sọ ọ́ tó fi máa ń wọni lára. Zambia tí àwọn ọmọ wa ń lọ yìí, ní 1987 ni Kenneth Kaunda tó jẹ́ ààrẹ wọn ti jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa ọmọ òun. Nílé wa níbí, Fẹlá kú ní 2 August 1997, lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ìlera rí pe àwọn oníròyìn jọ, ó ní éèdì ni. Mo rántí ìgbà yẹn dáadáa, yàrá tíṣà ń hó yèè, àwọn tó ti ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé kò sí ńkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn pa mọ́. Mandela náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀ ní January 2005. Ta ni nínú àwọn mẹ́sàn-án onítíṣáàtì ló ní ẹnu tó tó báyẹn nílùú onílùú? Ní 2021, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Zambia ló ní kòkòrò yìí, níbí ní 2018 nígbà tí wọ́n ka tiwa, 1.4 ni láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49. Àwọn ọmọ Zambia ti ń gbọ́ ABC kí wọ́n tó bí ọmọ àbúrò mi. Àwọn tó yẹ kó wá kọ́ wa ni.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ kúkúrú ò lè ṣiṣẹ́ o. Ní ìwọ̀ oòrùn Kenya ní 2004, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Pascaline Dupas, ṣe ìwádìí kan láwọn ilé-ìwé. Níbì kan wọ́n kọ́ àwọn tíṣà kí wọ́n máa fi kàríkúlọ́ọ̀mù ìjọba wàásù pé ẹ ṣe sùúrù di ìgbéyàwó. Níbòmíì wọ́n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú péré, wọ́n fi nọ́ńbà hàn wọ́n pé àwọn ọkùnrin àgbà ni kòkòrò yẹn pọ̀ lára wọn ju àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ, fíìfíì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oyún láàárín àwọn ọmọbìnrin tó gbọ́ ti ogójì ìṣẹ́jú yẹn fi 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti ìwàásù ò dín nǹkan kan kù. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n sọ ohun tí àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀, ohun tí wọ́n lè fi pinnu nǹkan lọ́jọ́ tí aláàjí oní-jíìpù bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí "bọ̀dá tó ń sanwó ilé-ìwé mi" tó wà nínú páálí mi.

Mo wá bi ọmọ àbúrò mi ní àwọn nǹkan mìíràn lọ́jọ́ Sunday tó wá kí wa, torí ayé ti yí kúrò ní tìgbà tèmi. Mo ní ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n fipá bá lò tàbí tí kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ lọ́wọ́, tó bá dé ọsibítù kí wákàtí 72 tó pé, wọ́n lè fún un ní oògùn táá lò fún ọjọ́ 28 tí kòkòrò yẹn ò fi ní lè múlẹ̀, kò mọ̀. Ó mọ̀ pé oògùn kan wà tí ẹni tí ò tíì ní in lè máa lò tẹ́lẹ̀ kó má baà kó o, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó ti dé orí abẹ́rẹ́ báyìí, lenacapavir tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní June 2025, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Mo ní ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, ṣé ó ṣì lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń bára wọn lò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Rárá ni ìdáhùn ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi hàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè mú ọmọ tí wọ́n bí i mọ́ fi ọkàn balẹ̀ lo oògùn ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Torí nínú kíláàsì kíláàsì tí wọ́n bá wọ̀ ní Zambia, ọmọ tó ní in láti inú ìyá ẹ̀ á wà níbẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń gbọ́ bí àlejò ṣe ń fi òun dẹ́rù ba àwọn ẹgbẹ́ òun. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ọmọ àbúrò mi sunkún nígbà tí mo sọ ìyẹn, mo bẹ̀ ẹ́, mi ò fẹ́ kó sunkún.

Àti ilé náà ńkọ́? Ní 2003 ni wọ́n ti mú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Family Life and HIV Education wọ kàríkúlọ́ọ̀mù wa ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló máa dé ojú ìwé yẹn táá ní ẹ lọ kà á nílé. Èmi náà ti ṣe é rí kí n tó lọ sí Gámbíà, ojú ń tì mí, mò ń rò pé àwọn òbí á wá bá mi jà, ọ̀kan tiẹ̀ wá lóòótọ́, ó ní mò ń kọ́ ọmọ òun ní ìṣekúṣe. Ó rọrùn fún mi láti sọ ọ́ fún ọmọ tí mi ò mọ ìyá ẹ̀. Mo fura pé ohun tó ń wu àwọn ọmọ wa láti lọ jìnnà nìyẹn náà, ẹnì kan ò mọ bàbá yín níbẹ̀, ẹ lè di kọ́ńdọ̀mù mú sókè kẹ́nì kankan má pe ìyá yín lórí fóònù. Látìgbà tí Amẹ́ríkà sì ti dáwọ́ owó ìrànwọ́ dúró ní January 2025, ọ̀pọ̀ ètò ìdènà HIV káàkiri Áfíríkà ló ti ń mí gúlegúle, tiwa náà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, tí wọ́n mọ èdè, tí wọ́n mọ ilé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹni mẹ́sàn-án lọ àti bọ̀, ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún mélòó ló máa fi gbé irú wọn dúró?

Torí náà mo rọ àwọn ọ̀dọ́ yẹn àti àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn wọn, tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ lọ, kí ẹni méjì lọ, kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, kí wọ́n má sì wọ kíláàsì kankan láìjẹ́ pé ọmọ ìlú kan wà níbẹ̀ táá máa bá iṣẹ́ lọ tí wọ́n bá ti kúrò. Kí àwọn méje tó kù bẹ̀rẹ̀ níbí. Ilé-ìwé mẹ́ta ló wà láàárín ilé mi sí ọjà, mo mọ gbogbo ọ̀gá ibẹ̀, màá mú wọn lọ.

Ẹ̀yin náà Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi ìbéèrè wọn ránṣẹ́ láìkọ orúkọ, kí wọ́n sì rí ìdáhùn ní Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà. Mo ti bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ HIV ó lé ní ogún ọdún sọ̀rọ̀ níbí ní Òṣogbo, ó ní òun á máa dáhùn ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ àbúrò mi ní òun á máa tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé pélébé oníbáírò búlúù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, tẹ́ ẹ bá gbà, òun la fẹ́ fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́.

Mò ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì,
Òṣogbo.